Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Obìnrin nínú Ilé Abókùúsọ̀rọ̀

Ní ọdún 1930 ni Dorothy L. Sayers, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan jáde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Strong Poison. Nínú ìtàn náà, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Harriet Vane pé ó fi májèlé pa ọkùnrin tí wọ́n ti jọ gbé pọ̀ rí. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà kò lè fi ohùn ṣọ̀kan, nítorí pé obìnrin àgbàlagbà kan wà láàrin wọn, Omidan Climpson, tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi. Omidan Climpson yìí kan náà ni Lord Peter Wimsey, tí ó ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà, rán lọ sí ìlú kékeré kan ní apá àríwá, kí ó lọ wá ìwé ìhágún arúgbó kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tí kò mọ ohun tí ó ń lọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Booth ni ó ń tọ́jú arúgbó náà. Nọ́ọ̀sì yìí gbà tọkàntọkàn pé òkú a máa bá alààyè sọ̀rọ̀. Kí ni Omidan Climpson ṣe? Ó sọ ara rẹ̀ di abókùúsọ̀rọ̀. Ó so agolo ọṣẹ mọ́ ibi orúnkún kí ó lè máa dún kò-kò-kò bí ẹni pé ẹ̀mí ń kan tábìlì. Ó fi wáyà pamọ́ sí ọwọ́ aṣọ kí tábìlì lè gbéra nílẹ̀. Nígbà tí òkùnkùn ṣú tán tí wọ́n sì jókòó, ‘ẹ̀mí’ bẹ̀rẹ̀ sí darí nọ́ọ̀sì síbi tí wọn yóò ti rí ìwé náà.

Ẹni tí ó bá ń ka ibẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Omidan Climpson fúnra rẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín tán. Onígbàgbọ́ tí kì í fi ìjọ ṣeré ni, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ sì ń gún un bí ó ti ń ṣe ohun tí ó mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ìpín ẹ̀rí-ọkàn yìí ni ó mú ìwé Sayers yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì mú kí ó yẹ láti wo ẹ̀yìn wò. Nítorí pé àwọn obìnrin ẹlẹ́ran ara, tí kì í ṣe ti inú ìwé, ti ṣe irú iṣẹ́ náà kí Sayers tó gbé kálàmù. Ẹni tí ó bá ti ka Àjà ló lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, mọ irú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Lápàdé jẹ́: ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sá fún ìjà. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni ìhámọ́ra wọn, irọ́ sì ni idà wọn.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yẹ kí á rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí ìbókùúsọ̀rọ̀ ti ayé òde òní ti ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọdún 1848, ní Hydesville ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn ọmọdébìnrin méjì, Margaret àti Kate Fox, sọ pé ẹ̀mí òkú kan ń kan ògiri ilé àwọn, pé bí àwọn bá bi í ní ìbéèrè, kíkàn náà ni ó fi ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, 1888, Margaret, tí ó ti dàgbà, gun orí pèpéle ní gbọ̀ngàn Academy of Music ní ìlú New York, ó sì fi han àwọn èrò pé oríkèé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni àwọn fi ń dún bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀ ó tún pa ohùn dà, ó ní irọ́ ni òun pa nígbà tí òun ní irọ́ ni. Yálà ó jẹ́wọ́ ni o, yálà kò jẹ́wọ́, ẹ̀sìn náà kò wó.

Kò lè wó, nítorí pé ọ̀fọ̀ ni ó ń bọ́ ọ. Ogun Abẹ́lé tí wọ́n jà ní Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865 pa ju 600,000 ọmọ ogun lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ará ilé wọn kò sì rí òkú wọn sin. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ tí kò bọ̀, tí kò sì rí ibojì rẹ̀, kí ni kò ní ṣe kí ó lè gbúròó rẹ̀? Ìyàwó Ààrẹ Lincoln pàápàá, lẹ́yìn tí ọmọ wọn Willie kú ní 1862, mú àwọn abókùúsọ̀rọ̀ wọ White House, ilé tí Ààrẹ ń gbé.

Obìnrin tí a mọ̀ sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ni Kate Warne. Opó ni, ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, nígbà tí ó wọ ọ́fíìsì Allan Pinkerton ní Chicago ní 1856. Pinkerton rò pé iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń wá. Ó ní rárá o, iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Pé ibi tí ọkùnrin kò lè dé, obìnrin lè dé e, kí ó sì gbọ́ ohun tí wọn kò ní sọ fún ọkùnrin. Pinkerton gbà á. Ní oṣù Kejì ọdún 1861, nígbà tí ìròyìn kàn pé àwọn kan ń dìtẹ̀ láti pa Lincoln ní Baltimore, Kate Warne wà lára àwọn tí ó fi òru bojú mú un kọjá nínú ọkọ̀ ojúirin, bí ẹni pé arákùnrin rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò dá ni.

Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ nípa rẹ̀. Ìtàn mìíràn wà tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí Pinkerton kọ sínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1875. Ọkùnrin kan wá bá a, ẹ̀rù ń bà á pé àbúrò òun obìnrin fẹ́ fi májèlé pa òun, àti pé àbúrò náà àti àlè rẹ̀ mọ nǹkan nípa ikú ìyàwó àlè náà. Pinkerton gba yàrá, ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì fi Kate Warne jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aríran tí ń jẹ́ Lucille. Gbogbo àṣírí tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yòókù ti hú jáde nípa obìnrin náà ni wọ́n ti kó fún Lucille. Nígbà tí ó dé, tí ó gbọ́ tí ẹni tí kò mọ̀ rí ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ sí i létí bí ẹni ka ìwé, jìnnìjìnnì bò ó, ó sì jẹ́wọ́.

Ó yẹ kí á fi ìṣọ́ra gba ìtàn yìí. Kate Warne ti kú láti 1868. Iná ńlá tí ó jó Chicago ní 1871 sì jó àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì Pinkerton. Ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni a ti gbọ́ ọ, ẹni náà sì ń ta iṣẹ́ ara rẹ̀ fún ayé. Síbẹ̀, bí a bá tilẹ̀ yọ ẹ̀tọ́ àsọdùn kúrò, ohun kan ṣì hàn gbangba: kò sí ibì kan nínú ìtàn náà tí Pinkerton ti bi ara rẹ̀ bóyá ó dára kí ènìyàn fi orúkọ ohun tí a kò rí dẹ́rù ba ẹlòmíràn. Ọ̀daràn ni obìnrin náà. Ó tán síbẹ̀ lójú rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, àti àjàkálẹ̀ àrùn fúlù tí ó tẹ̀ lé e, tún ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu. Arthur Conan Doyle, ẹni tí ó dá Sherlock Holmes sílẹ̀, pàdánù ọmọ rẹ̀ Kingsley ní 1918. Òun náà ni ó ń káàkiri ayé tí ó ń wàásù ìbókùúsọ̀rọ̀. Ohun ìyanu ni pé Holmes inú ìwé rẹ̀ kò jẹ́ gba iwin gbọ́ títí di òpin. Ọ̀rẹ́ Doyle ni Harry Houdini, onídán tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí bí ó ti ń já ara rẹ̀ gbà nínú ẹ̀wọ̀n. Ìyá Houdini ti kú ní 1913, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò lára ìyá náà. Ní Atlantic City ní 1922, aya Doyle jókòó tì í, ó ní ìyá rẹ̀ ń gba ọwọ́ òun kọ̀wé, ó sì kọ ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àmì àgbélébùú ni ó wà ní òkè ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ìyá Houdini, aya rábì àwọn Júù, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè rẹ̀! Ọ̀rẹ́ náà kò pẹ́ kí ó tó di ọ̀tá.

Nígbà tí Houdini gbógun ti àwọn abókùúsọ̀rọ̀, ó ní àwọn amí, ọ̀gá nínú wọn ni Rose Mackenberg. Wọ́n bí i ní 1892. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ni ó ń ṣe ní New York kí wọ́n tó mọ ara wọn. Bí Houdini bá fẹ́ ṣeré ní ìlú kan, Mackenberg a ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan. Lónìí yóò di opó nínú aṣọ dúdú, lọ́la yóò di olùkọ́ ará oko, ní ọ̀túnla ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ìyàwó òjòwú. Yóò wọ ilé abókùúsọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, yóò san owó, yóò sọkún, yóò bèèrè ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà yóò sì dáhùn láti inú òkùnkùn, a ní ara òun ti le, kí ó má sọkún mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò lọ́kọ rí. Nígbà tí Houdini bá dé orí pèpéle, yóò pe orúkọ àwọn abókùúsọ̀rọ̀ ìlú náà, yóò sì ka ohun tí wọ́n sọ àti iye tí wọ́n gbà.

Ó fẹ́ràn láti fi orúkọ ṣeré. Ọ̀kan nínú orúkọ tí ó ń lò ni Frances Raud. Ẹni tí ó bá kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ mọ́ Raud yóò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí jìbìtì. Kò sí abókùúsọ̀rọ̀ kankan tí ẹ̀mí ta lólobó. Wọ́n tilẹ̀ fi í jẹ oyè àlùfáà nínú ìjọ wọn bí ìgbà mẹ́fà, owó nìkan ni ó san. Houdini sì sọ ọ́ di àpèjẹ́, ó ń pè é ní Àlùfáà.

Ní 1926 ni ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ilé aṣòfin ní Washington. Wọ́n gbé àbá òfin kan wá pé ẹni tí ó bá ń gba owó láti sọ àsọtẹ́lẹ̀ ní olú ìlú náà, kí wọ́n bu 250 dọ́là lé e, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù Karùn-ún, Mackenberg jẹ́rìí pé òun ti lọ bá àwọn abókùúsọ̀rọ̀ ìlú náà, àti pé ọ̀kan nínú wọn, Jane Coates, sọ fún òun pé àwọn sẹ́nétọ̀ ń wá sọ́dọ̀ àwọn, àti pé wọ́n ń ṣe ìpàdé ìbókùúsọ̀rọ̀ ní White House. Ilé dàrú. White House sẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kún inú yàrá náà kì í ṣe oníjìbìtì nìkan. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti bá òkú wọn sọ̀rọ̀, lójú tiwọn, tí wọ́n sì ń bèèrè ẹ̀tọ́ tí aṣòfin ní láti pe ẹ̀sìn àwọn ní ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn dáadáa. Àbá náà kò di òfin.

Níbí ni Mackenberg, Lucille àti Omidan Climpson ti pàdé. Kò sí èyí tí ó lè mú ẹlẹ́tàn láìtan ẹnìkan. Ẹni tí Mackenberg tàn jẹ́ ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ opó, ìyẹn rọrùn láti dárí jì í. Bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó gba ara rẹ̀ gbọ́, kò rọrùn mọ́. Nọ́ọ̀sì Booth ni ó ṣòro jù lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò pa ẹnikẹ́ni, ìgbàgbọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀mí Harriet Vane ni ó wà lórí ìwọ̀n ní òdìkejì, òṣùwọ̀n náà kò sì nira láti kà. Síbẹ̀ Sayers kò jẹ́ kí Omidan Climpson ṣe é pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Houdini kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1926 yẹn kan náà. Ọdọọdún ni Bess ìyàwó rẹ̀ ń jókòó dè é kí ó wá sọ̀rọ̀, títí di 1936 tí ó pa fìtílà rẹ̀. Mackenberg kò dáwọ́ dúró. Ó ń jẹ́rìí ní kóòtù, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ó ń gun orí pèpéle fi bí wọ́n ti ń ṣe é han àwọn èrò, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ìyá ọmọ ogun tún ń wá ẹni tí yóò bá wọn pe ọmọ. Ní 1951 ó ṣì kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sínú Saturday Evening Post. Ó kú ní 1968, láì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Nínú òkùnkùn ilé àwọn abókùúsọ̀rọ̀, ní ìlú púpọ̀, àwọn ọkọ rẹ̀ ti kí i, àwọn ọmọ tí kò bí ti pè é ní ìyá.