Kòtò Ọlọ Inú Olúmọ

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí òkè, kò lè rí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀, títí di òní, mo fẹ́ràn láti máa gun òkè, mo sì fẹ́ràn ẹ̀rọ. Bí mo bá ń pọ́n òkè, fóònù mi a máa ka ìṣísẹ̀ mi, a sì máa sọ bí mo ti ga sókè tó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun méjèèjì kò bára mu: òkè jẹ́ ti ayé àtijọ́, ẹ̀rọ jẹ́ ti ayé òde òní. Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn.

Ìtàn Olúmọ kò ṣàjèjì sí wa. Lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ìdí àpáta yìí ní 1830. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n forí pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ìlú sì ti gba orúkọ. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ yóò ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i.

Ṣùgbọ́n gíga àpáta náà kọ́ ló wú mi lórí jù. Nínú ihò tí àwọn ènìyàn sá sí, àwọn kòtò kéékèèké wà lójú òkúta. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ ohun jíjẹ. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé kì í ráyè gbé ọlọ dání, nítorí ọlọ wúwo. Wọ́n wá sọ ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé di ọlọ. Bí èyí kì í bá ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ, n kò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ara tù wọ́n, wọ́n jáde kúrò lábẹ́ àpáta, wọ́n mọ odi yí ìlú ká. Àwọn ọmọ-ogun Dàhọ̀mì gbógun tì wọ́n ní 1851 àti ní 1864, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìlú náà kó. Láàárín ogun méjèèjì, ní 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní ìlú yìí kan náà, ní èdè Yorùbá. Láti 1830 dé 1859 kò ju ọdún 29 lọ. Obìnrin tó lọ àgbàdo lójú àpáta nígbà ọmọge rẹ̀ lè ti gbọ́ kí ọmọ rẹ̀ ka ìwé ìròyìn sí i létí kó tó di arúgbó.

Ní 2006, a ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè sí Olúmọ. Àwọn kan ní ó ba àpáta jẹ́. N kò bá wọn sọ ọ́: ẹni tí orúnkún ń dùn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìlú baba rẹ̀ láti òkè. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀rọ lè gbé wa dé òkè kí a má mọ ìdí tí àwọn baba wa fi wá síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí kòtò ọlọ ní láti bẹ̀rẹ̀ wọ inú ihò.

Fóònù mi mọ iye ìṣísẹ̀ mi. Kò mọ ọwọ́ tó lọ òkúta títí ó fi jin kòtò. Àwa ni a ó sọ fún un. Bí a kò bá sì kọ ìtàn náà sílẹ̀, àwọn ọmọ wa yóò dé Olúmọ, wọn yóò ya àwòrán, wọn yóò sì gbà pé òjò ló dá àwọn kòtò náà.