Ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà: ohun tó yẹ ká mọ̀

Àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ níṣẹ́, wọ́n máa ń bi wá bí ẹ̀kọ́ ṣe rí ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Benin, ìdánwò CEP kan náà ni ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́ ń ṣe. Tọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀: ìpínlẹ̀ 50 ni, kálukú ló sì ní òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé: Àwọn ará agbègbè ló sábà ń dìbò yàn án. Òun ló ń fọwọ́ sí ìnáwó àti gbígba olùkọ́.

Owó: Ìpínlẹ̀ àti agbègbè ló ń san èyí tó pọ̀ jù. Owó-orí ilé àti ilẹ̀ ni agbègbè sábà ń ná. Ìdí nìyẹn tí ilé-ìwé àdúgbò olówó fi máa ń ní ohun èlò ju ti tálákà lọ.

Ìwé-àṣẹ olùkọ́: Ìpínlẹ̀ ló ń fúnni. Ti Texas kì í dédé ṣiṣẹ́ ní New York, ká má tíì sọ ìwé-ẹ̀rí tiwa.

Tenure: Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọn ò lè lé olùkọ́ láìsọ ìdí, láìjẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀.

Charter school: Owó ìjọba ló ń ná, àmọ́ ó ní òmìnira ju àwọn yòókù lọ. Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀, lọ́dún 1991.

Ẹ̀yin ará wa tó ń kó ọmọ lọ, ẹ wádìí ilé-ìwé kí ẹ tó gba ilé o: àdírẹ́sì ló sábà ń yan ilé-ìwé fún ọmọ.