Nígbà tí a Ti Ilẹ̀kùn Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àrùn kòrónà kò pẹ́ kí ó tó kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní i hàn ní Nàìjíríà. Ará Ítálì kan ni. Ó gba Èkó wọlé, ó sì ti dé Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà, kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Kí oṣù Kẹta tó parí, ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ti wà ní títì. Ọ̀rọ̀ àìsàn náà ni a gbọ́ jù ní ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ilẹ̀kùn tì mọ́ ìta ni èmi fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò ní yé wa dáradára bí a kò bá rántí pé ìwé kíkà ti bá ìdíwọ́ pàdé rí ní Abẹ́òkúta.

Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ aṣáájú wọn, tẹ ìlú náà dó sí abẹ́ Olúmọ. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí tí àwọn ọmọ wọn tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ sí Sàró, fi bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí ilé. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé wá. Henry Townsend wá wo ìlú ní oṣù Kìíní ọdún 1843. Òun àti Samuel Ajayi Crowther wá jókòó ní ọdún 1846, ilé-ẹ̀kọ́ sì tẹ̀lé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ní 120 owó ẹyọ, kí àwọn tí ó ti mọ̀wé lè máa rí nǹkan kà.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé dé. Àrùn kọ́ ni ó fà á. Aáwọ̀ ìjọba Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ni. Wọ́n fọ́ ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, Ìwé Ìròyìn sì dákẹ́. Àwọn òyìnbó jáde, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì kó lọ tẹ̀dó sí Èbúté-Mẹ́tta. Ẹni tí ó bá rò pé ìwé tán ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ náà kò mọ Ẹ̀gbá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa bí William Moore, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, dúró ti agbo wọn. Nígbà tí James Johnson dé ní ọdún 1877 láti máa bójú tó iṣẹ́ náà, ó bá ìjọ láàyè. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ń gbé ní àárín àwọn tí wọ́n ń kọ́. Àwọn tí ó fọ́ ẹ̀rọ kò lè fọ́ ìmọ̀ tí ó ti di ti aládùúgbò.

Ọdún 1918 burú fún Ẹ̀gbá ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹfà ni Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀, nítorí owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe. Kò pẹ́ tí ogun náà rọlẹ̀ tí àjàkálẹ̀-àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní lùkúlùkú fi bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó ní oṣù Kẹsàn-án. Rélùwéè tí ó ti gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 sì gbé e wọ àárín ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó pa tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ní Nàìjíríà. Ní Èkó, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àkókò náà kò tó nǹkan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà ní oko, ní ìdí ìkòkò aró, tàbí ní ìdí iṣẹ́ baba wọn. Kò sí ẹni tí ó tíì ṣe ìlérí ìwé fún wọn.

Ìlérí yìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ 2020 yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1944, Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ní ìwé. Nínú iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ tí ó kojú owó-orí obìnrin ti dàgbà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbafẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 fò sókè, wọ́n lé ní 811,000 ní ọdún kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà, ìwé kúrò ní oore tí a ń ṣe fún ọmọ; ó di ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kí ni a wá ṣe sí ẹ̀tọ́ náà ní ọdún 2020? Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé kí Èkó, Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Abuja jókòó sí ilé. Ti Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí amóhùnmáwòrán OGTV, wọ́n sì pè é ní Ogun DigiClass. Èrò rere ni, ó sì ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́, nítorí amóhùnmáwòrán pọ̀ ní ilé ju kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n amóhùnmáwòrán ń fẹ́ iná, iná sì ní ìgbà tí ó wù ú láti wá. Ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ní láti ra epo, ọjà tí ìyá ti ń rí owó epo sì wà ní títì. Ní ti àwọn abúlé Ọdẹ́dá àti Ọbáfẹ́mi-Òwódé tí wáyà iná kò tíì dé, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo wà ní Abẹ́òkúta ní oṣù wọ̀nyí. Ní agbo-ilé wa, kò jìnnà sí Ìtòkú, ọmọ méje ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, fóònù tí ó lè gbé ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ẹyọ kan. Baba ni ó ni ín, ó sì ń bá baba jáde. Tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìntì ni ó gba àwọn ọmọ náà là: ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi ẹfun kọ ìṣirò sí ara ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ a sì jókòó jìnnà sí ara wọn ní àgbàlá. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kì í lè wá, nítorí ó ń bá ìyá rẹ̀ di àdìrẹ. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn mẹ́fà padà. Òun kò padà. Ó ti mọ owó.

Kì í ṣe tiwa nìkan. UNESCO ṣe ìṣirò ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 pé nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ayé, nǹkan bí 826 mílíọ̀nù ni kò ní kọ̀ǹpútà ní ilé. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀ràn òjijì ni, ta ni ì bá ti múra sílẹ̀ fún un? Ẹ jẹ́ kí n tún dá wọn lóhùn láti Sàró. Nígbà tí àrùn Ebola ti ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pa ní ọdún 2014, tí ilẹ̀kùn kò sì ṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2015, asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ, èyí tí òkúta bátìrì méjì lè gbé. Nígbà tí kòrónà dé, wọ́n kàn tún padà sí ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ni. Ibi tí ìwé ti kọ́kọ́ wá bá wa náà ni ọgbọ́n yìí wà.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn wa nìyí. Ẹ̀rọ dára, kí a ní i. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ àwọn tíṣà tí ó fẹ̀yìntì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí a tẹ ẹ̀kọ́ sórí ìwé pélébé tí a lè pín ní ọjà, kí a sì fi asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe ìkejì rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ní ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tún ṣí, kí a ka àwọn ọmọ ní orí, kí a sì tọ ẹni tí kò wá lọ sí ilé. Bí kò ti sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí àrùn mìíràn yóò dé, iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ di ìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di olùkọ́, ọwọ́ yín ni ó wà.