Ìpín Tí Ojú Kò Tó: Àwọn Àgbẹ̀ Ìgbèríko Ìbàdàn àti Ìtàn Báńkì Kóópù

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wo ìtàn ìpín ìdókòwò kan tí ó ti inú àpò kòkó jáde ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, tí ó sì di òfo ní ọdún 2018. Ìtàn náà gùn tó ọgọ́rin ọdún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ó sọ. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni ìbéèrè kan tí onípìn-ín kékeré máa ń bi ara rẹ̀ nígbà tí ọjà bá ti tú tán: ìgbà wo gan-an ni owó mi sọnù? Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni, nítorí pé ọjọ́ náà ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì Skye, èyí tí Báńkì Kóópù ti di apá kan rẹ̀. Ìdáhùn tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Lójú wa, díẹ̀díẹ̀ ni owó náà ń jìnnà sí ẹni tí ó ni ín, ó sì ti kúrò níbi tí ojú rẹ̀ tó tipẹ́ kí ó tó sọnù.

Kí a tó wọ ọ̀nà Ìbàdàn, ó yẹ kí a yà sí ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà wúrà, nítorí pé lára tiwọn ni a ti tètè rí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ìwé ìpín ṣe ń di ìwé lásán. Ní ọdún 1897 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Ashanti Goldfields sílẹ̀ láti wa wúrà ní Obuasi, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Wúrà wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Èyí ni ó kó sí àwọn ènìyàn lórí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1900 àti 1901, tí ilé-iṣẹ́ wúrà tí ó ju 200 lọ fi dìde, tí wọ́n ń ta ìpín fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò wa nǹkan kan jáde. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní àwòrán ilẹ̀, wọ́n ní àwọn olùdarí. Wúrà nìkan ni wọn kò ní. Àríyànjiyàn ilẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gold Coast fi ṣe òfin ní ọdún 1900 pé ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ yẹ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mú níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Inú ilẹ̀ ni wúrà wà. Ẹni tí ó dúró lẹ́nu ihò ni ó mọ ohun tí ń bẹ nísàlẹ̀. Onípìn-ín tí ó wà lókèèrè, ìwé ni ó ń kà, bí ìwé náà bá sì parọ́, kò ní ọ̀nà àtimọ̀.

Wúrà wà ní ilẹ̀ Yorùbá náà, ní ìhà Iperindo ní Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ ní òkè òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ wúrà ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, kòkó ni wúrà àwọn baba wa. Kòkó kì í sì í ṣe ohun abẹ́ ilẹ̀. Orí igi ni ó wà. A máa ń sá a sí oòrùn lójú gbogbo ayé, a sì máa ń gbé e sórí ìwọ̀n.

Orí ìwọ̀n yìí gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Alágbàtà ni ó ni ìwọ̀n, òun ni ó ń kà á, òun náà ni ó sì ń dá iye lé kòkó. Àgbẹ̀ tí ó ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú ìkórè kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Láti àwọn ọdún 1920 ni ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ń kó àwọn olóko kòkó jọ ní agbègbè Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè tọ́jú kòkó wọn dáadáa kí wọ́n sì tà á pọ̀. Ní ọdún 1934, C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe lè fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin tẹ̀ lé e ní ọdún 1935. Ní ọdún 1937 ni ẹgbẹ́ àwọn olùtakòkó ní Gbedun, tí ó wà ní Ọ̀nà-Àrà lónìí, fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà, òun ni a sì ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọdún kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá tí ń ra kòkó mulẹ̀ láàárín ara wọn lórí iye tí wọn yóò máa san, tí àwọn àgbẹ̀ Gold Coast fi kọ̀ láti ta kòkó fún wọn. Ẹni tí ó bá ka ọdún méjèèjì pọ̀ yóò mọ̀ pé ẹgbẹ́ Gbedun kì í ṣe eré.

Kò yẹ kí a rò pé òyìnbó ni ó kọ́ ará Ìbàdàn ní àjọṣe. Èsúsú, àjọ, àáró àti ọ̀wẹ̀ ti wà kí Strickland tó dé. Samuel Johnson mẹ́nu kan èsúsú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ìpín àti ìwé àkọsílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò san owó ìpín. Yóò gbé kòkó wá. Wọn yóò wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀ àti lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọdún bá parí, tí èrè sì wà, wọn yóò pín in ní ìbámu pẹ̀lú iye kòkó tí olúkúlùkù gbé wá. Nínú ìpàdé, ẹni tí ó ní ìpín kan àti ẹni tí ó ní ogún, ohùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Èyí ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i. A kò sọ pé ańgẹ́lì ni wọ́n o. Kò sí ẹgbẹ́ tí a kì í ti í rí akọ̀wé tí ń jẹ owó. Ṣùgbọ́n ilé akọ̀wé tí ó bá jẹ owó ẹgbẹ́ abúlé kò jìnnà; tọmọdé tàgbà ni ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú sì wà lára ìwọ̀n náà.

Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wọ̀nyí para pọ̀ di ẹgbẹ́ ńlá, àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì ní àjọ tí ń ta kòkó wọn sí òkè òkun láti ọdún 1945. Ilé owó ni ó kù. Winifried Tete-Ansa, ọmọ Gold Coast, ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú wọn. Ní ọdún 1928 ni ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti kó àwọn olóko kòkó Gold Coast àti ti Nàìjíríà jọ, kí wọ́n lè máa tajà láìgba ọwọ́ àwọn òyìnbó alágbàtà, ó sì fi báńkì tì í lẹ́yìn. Báńkì àkọ́kọ́ kú ní ọdún 1930; èkejì, Nigerian Mercantile Bank, kò rékọjá ọdún 1936. Lẹ́yìn ogun Hitler, báńkì tún hù bí olú. Nínú 25 tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, 21 ti kú nígbà tí ọdún 1954 fi ń parí. Inú ìjì yìí ni a ti dá Báńkì Kóópù sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1953, ó sì yè. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí kò ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n a gbà pé ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: àwọn tí ó ni báńkì náà ni àwọn tí ń yá owó rẹ̀, kòkó tí wọ́n sì ń retí lórí igi ni wọn yóò fi san án.

Síbẹ̀, ìjìnnà ti bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ní ìpín nínú ẹgbẹ́ abúlé, ẹgbẹ́ abúlé ní ìpín nínú ẹgbẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ ńlá ni ó ní ìpín nínú báńkì. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni ó wà láàárín àgbẹ̀ àti owó rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó sì ń bá a kan ìkejì àti ìkẹta.

Èyí tí ó tóbi jù, tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà mọ́ ọ̀ràn báńkì, ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1986, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń rí sí títa irè oko ká. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti ní owó lọ́wọ́ lè wọ oko lọ ra kòkó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí ó ti jẹ́ ọ̀nà kan pàtàkì tí kòkó ń gbà jáde kúrò ní abúlé, di oníbàárà kan láàárín ọ̀pọ̀. Ìwọ̀n kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó padà sọ́wọ́ alágbàtà. Ṣùgbọ́n ìpín wà nínú báńkì síbẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ọdún yìí ni okùn tí ó so ìpín mọ́ ìwọ̀n já, tí ìpín sì di ohun tí a kàn ní, tí a kò fi ṣe nǹkan kan mọ́.

Ní oṣù keje ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo jẹ́ olórí rẹ̀, kéde pé báńkì tí kò bá ní bílíọ̀nù 25 náírà ní owó ìdúró nígbà tí ọdún 2005 bá fi parí kò gbọdọ̀ wà mọ́. Báńkì 89 ni ó wà nígbà náà; 25 ni ó kù. Báńkì Kóópù dara pọ̀ mọ́ Prudent, EIB International, Bond àti Reliance, wọ́n sì di Skye ní ọdún 2006. Orúkọ Kóópù pa rẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé owó tí kòkó kọ́. Ẹni tí ó ní ègé ńlá nínú ohun kékeré di ẹni tí ó ní ègé tín-ín-rín nínú ohun ńlá. Níbí ni a ti ní kí òǹkàwé rántí ohùn kọ̀ọ̀kan ìpàdé Gbedun. Nínú irú ilé-iṣẹ́ tuntun yìí, ìpín ni ó ń dìbò, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tí ó ní mílíọ̀nù kan ìpín ní mílíọ̀nù kan ohùn. Ìpàdé ọdọọdún wà, wọ́n sì ń fi ìwé ránṣẹ́ sí onípìn-ín kékeré láti pè é síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lè yí àbá kankan padà níbẹ̀.

Ìyókù kò gba ẹ̀rọ púpọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òǹkà ọjà ìpín ní Èkó kọjá 66,000. Kí ọdún náà tó parí, kò tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2014, Skye ra báńkì Mainstreet lọ́wọ́ AMCON, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ra gbèsè báńkì, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 126 náírà. Ní oṣù keje ọdún 2016, Báńkì Àpapọ̀ pàrọ̀ àwọn olùdarí rẹ̀ nítorí pé owó ìdúró rẹ̀ ti wálẹ̀ ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ. Ihò wúrà ti báńkì ni ìwé àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Onípìn-ín kékeré kò lè wo inú ihò náà, bí ará Lọ́ńdọ̀nù kò ṣe lè wo inú ilẹ̀ Tarkwa. Nígbà tí ìwé àṣẹ lọ ní ọdún 2018, wọ́n dá Polaris sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an láti gba owó àwọn oníbàárà, AMCON sì fi bílíọ̀nù 786 náírà dí ihò.

Ẹni tí ó fi owó pamọ́ sí báńkì náà kò pàdánù kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ní ìpín níbẹ̀ pàdánù gbogbo rẹ̀. Bí òfin ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo: ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni a ó kọ́kọ́ san owó fún, ẹni tí ó nilé ni ó gbẹ̀yìn. A kò bá òfin jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí ní Akanran tàbí ní Lálúpọn. Ará ìgboro tí ó ṣí àpamọ́ lánàá gba owó rẹ̀ pé. Ọmọ àgbẹ̀ tí ìran rẹ̀ fi kòkó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀ kò gba nǹkan kan, nítorí pé a ní òun ni ó ni ín. Jíjẹ́ olóhun ti di ẹrù tí kò ní àǹfààní lẹ́yìn.

Ohun méjì ni a máa ń gbọ́ bí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn kan ní àìmọ̀wé ni ó pa àgbẹ̀. A kò gbà. Akanran tí a dárúkọ lókè yìí wà lára ibi tí Àgbẹ́kọ̀yà ti dìde ní ọdún 1968 sí 1969, tí wọ́n ta ko owó orí títí ìjọba fi dín in kù; ẹni tí ó mọ iye tí ó yẹ kí òun san tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè nínú ọ̀ràn owó. Àwọn mìíràn ní olè ni. Iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ nìyẹn, kì í ṣe tiwa. Bí gbogbo olùdarí bá tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ bí ìmọ́lẹ̀, onípìn-ín abúlé ì bá ṣì jẹ́ ẹni tí kò mọ ohun tí ń lọ. Àtakò kan wà tí ó le ju méjèèjì lọ: ǹjẹ́ Báńkì Kóópù lè dá dúró lẹ́yìn òfin ọdún 2004? A rò pé kò lè ṣe é. Bílíọ̀nù 25 kì í ṣe owó tí a ń rí kó jọ láti abúlé. Àwọn tí ó darí rẹ̀ nígbà náà yàn láàárín kíkú àti dídarapọ̀, a kò sì rí bí a ó ṣe dá wọn lẹ́bi pé wọ́n yan èyí tí wọ́n yàn. Ohun tí ó dùn wá ni pé ọdún 1986 ti gba ohùn lẹ́nu ẹgbẹ́ abúlé, kò sì sí ìpàdé tí ó nítumọ̀ tí a lè gbé ìyànjú náà lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n ta Polaris fún àwọn onílé tuntun. Bílíọ̀nù 50 náírà ni wọ́n kọ́kọ́ san. Kò sí ohun tí ó kan àwọn onípìn-ín àtijọ́ nínú rẹ̀.

Ẹni tí yóò kọ ìtàn yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ yóò nílò ìwé oríṣi méjì. Ọ̀kan ni orúkọ àwọn onípìn-ín ní ọjọ́ tí Kóópù di Skye, èyí kò sì lè ṣòro jù láti béèrè fún. Èkejì ni ìwé ìwọ̀n kòkó àwọn ẹgbẹ́ abúlé láti ọdún 1937 sókè. Bí èyíkéyìí nínú rẹ̀ bá ṣì wà, àpótí àwọn akọ̀wé àtijọ́ ni ó máa wà, ní Gbedun, ní Ẹrúnmu, ní Mọníyà, ikán sì ń bá wa du ú.