Kumasi: Ọjà tí àwọn Yorùbá ti ná kí òfin ọdún 1969 tó lé wọn

Bí ẹnikẹ́ni bá bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé Kumasi, olú ìlú àwọn Ashanti ní orílẹ̀-èdè Ghana, ọjà wà lára ibi tí wọ́n lè mú un lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni pé àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó mú kí ọjà Kumasi gbèrú, kí ìjọba tó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn.

Krofrom àti ààfin Manhyia

Ní èdè Twi, 'ìlú tuntun' ni ìtumọ̀ Krofrom. Àdúgbò náà ní ọjà tirẹ̀, kò sì jìnnà sí Manhyia, ààfin Asantehene, ọba àwọn Ashanti.

Ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Ọba Prempeh Kìíní, tí wọ́n sì lé e kúrò nílùú títí dé erékùṣù Seychelles. Ó padà dé ní 1924. Ilé tí wọ́n kọ́ fún un lẹ́yìn ìpadàbọ̀ rẹ̀ ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí.

Báwo ni àwọn Yorùbá ṣe débẹ̀?

Ojú irin láti Sekondi dé Kumasi ní 1903, òwò sì búrẹ́kẹ́.

Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìnísà wà lára àwọn tó lọ sí Ghana. Ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wosiwosi lórí àtẹ, kí wọ́n tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé Yorùbá tó wà ní Ghana tó nǹkan bíi 100,000.

Kí ni àlejò lè rí lórí àtẹ?

Fufu ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Yorùbá. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n á gún pọ̀, tí wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ẹyìn tàbí ọbẹ̀ olómi jẹ ẹ́. Waakye sì jẹ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀.

Ọṣẹ dúdú náà wà níbẹ̀. 'Alata samina' ni wọ́n ń pè é. 'Samina' ni ọṣẹ, 'Alata' sì ni orúkọ tí wọ́n fún àwọn tó wá láti ìhà Nàìjíríà.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi Ghana sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana, tí wọn kò mọ ilé mìíràn, wà lára wọn. Àwọn kan ta ọjà wọn lọ́pọ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn mìíràn sì wọmi. Àwọn ọmọ Ghana ló gba ìsọ̀ wọn.

Ní 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé àwọn ọmọ Ghana, ohun tó bí orúkọ báàgì 'Ghana Must Go'.

Ṣé ọ̀rọ̀ náà ti parí?

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fàyè gba ọmọ ẹgbẹ́ láti wọ orílẹ̀-èdè ara wọn. Ṣùgbọ́n òfin Ghana ti ọdún 2013 sọ pé ọmọ Ghana nìkan ló lè ṣòwò kéékèèké nínú ọjà.

Ní 2019, wọ́n tún ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pa ní Kumasi, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn àṣẹ Busia.