Orúkọ Mẹ́ta fún Èbu Apeéṣú

Tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ run nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Zonocerus variegatus, ní ọ̀tá kan tí kì í ṣe ẹyẹ. Bí ọ̀tá yìí bá wọ̀ ọ́ lára, tata náà á gun ṣóńṣó igi akíntọ́lá, á fi ẹsẹ̀ gbá a mọ́ra pinpin, á sì kú síbẹ̀ láìjábọ́. Èbu ló pa á, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Entomophaga grylli.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé èbu ń pa kòkòrò. Lọ́dún 1835, Agostino Bassi ti Ítálì fi hàn pé èbu funfun kan ló ń pa kòkòrò tó ń ta sílíìkì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ èbu ọ̀hún, Beauveria bassiana. Ní 1879, Metchnikoff rí òmíràn lára kòkòrò tó ń ba wíìtì jẹ́ lẹ́bàá Odessa. Sorokin ló sọ ìdílé rẹ̀ ní Metarhizium ní 1883.

Ìdílé yìí ni wọ́n wá padà sí lẹ́yìn tí eéṣú bo Sàhẹ́lì láàárín 1986 sí 1989, tí oògùn kẹ́míkà tí wọ́n fọ́n sì kó àyà sókè. Iṣẹ́ LUBILOSA, ìwádìí tó ń wá èbu tó lè pa eéṣú, bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Abomey-Calavi ní Bẹ̀nẹ̀ sì ni ìkóríta rẹ̀. Òkú kòkòrò ni wọ́n ń ṣà, láti wá èbu tó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èbu tó bo òkú ló pa á. Ọ̀pọ̀ ló dé lẹ́yìn ikú. Nítorí náà wọn á fọ ara òkú náà, wọn á gbé e sínú àwo tó ní ọ̀rinrin, wọn á dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé bá yọ láti oríkèé ara rẹ̀, wọn á gbìn ín, wọn á fi awò wo ìrísí hóró rẹ̀, wọn á sì fi kan eéṣú tó lera. Àfi bí ìyẹn náà bá kú, tí èbu kan náà sì yọ lára rẹ̀, ni wọ́n tó gbà pé òun ni apani. Sùúrù inú iṣẹ́ yìí yẹ fún ìyìn.

Èyí tó tayọ nínú àwọn èbu tí wọ́n rí wá láti ara tata kan ní Niger, Ornithacris cavroisi. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ èbu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni IMI 330189.

Orúkọ rẹ̀ ló wá di wàhálà. Ìrísí hóró rẹ̀ mú kí wọ́n kọ́kọ́ kà á mọ́ Metarhizium flavoviride. Ní 2000, Driver, Milner àti Trueman yẹ DNA rẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e lọ sábẹ́ M. anisopliae, wọ́n pè é ní acridum. Ní 2009, Bischoff, Rehner àti Humber sọ ọ́ di ẹ̀yà tó dá dúró, Metarhizium acridum. Ẹni tó bá ka ìwé 1995 àti ti 2010 láìmọ èyí á rò pé nǹkan méjì ni. Nọ́ńbà tí kò yí padà ló ń gbani lọ́wọ́ àṣìmú. Ìpínyà náà wúlò gan-an, nítorí àwọn ẹbí rẹ̀ lábẹ́ anisopliae ń pa oríṣiríṣi kòkòrò, ṣùgbọ́n eéṣú àti tata ni acridum dojú kọ.

Nígbà iṣẹ́ LUBILOSA, orí ìrẹsì ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Bẹ̀nẹ̀. Inú òróró ni wọ́n ń pò ó sí, kí hóró rẹ̀ lè wọ ara kòkòrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí eéṣú tó kú, èyí tó ṣòro fún àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ ń tán lọ lójú rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà fọwọ́ sí títà rẹ̀ ní 1998, pẹ̀lú orúkọ Green Muscle. Wọ́n fi lé eéṣú pupa ní Tànsáníà ní 2009, ẹ̀yà acridum náà ni wọ́n sì tún fọ́n ní Sòmálíà nígbà ìyọnu eéṣú ti 2020.