Ilé Eré Òkè Ṣọ́ọ̀bù ní Red Cloud

Ìlú Red Cloud, ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìlú aládé; àwọn tí ó wá ilẹ̀ oko ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1871, tí wọ́n sì fi orúkọ olóyè ńlá kan nínú ẹ̀yà Lakota sọ ọ́ (ẹni tí wọ́n ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n tún ń yá orúkọ lò!). Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ ní 1879, tí èrò ń wọ́ wá láti Jámánì, Sweden, Denmark àti Bohemia, tí oníkálukú ń sọ èdè bàbá rẹ̀ nínú oko tirẹ̀, ó di dandan kí ìlú ní ibì kan tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn yóò ti máa pé.

Ní 1885 ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan: ṣọ́ọ̀bù irin-iṣẹ́ nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn eré lókè. Bí ó bá jẹ́ ìlú tiwa ni, àwọn akéwì ì bá ti máa kì í ní A-ta-ìṣó-nísàlẹ̀-ṣeré-lókè. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìn rere, òun náà sì ni kẹ̀kẹ́ eré. Àwọn òṣèré kì í wá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí àgbẹ̀ kì í nílò ìṣó.

Nínú àwọn ọmọ tí ó máa ń sáré lọ sí ibùdókọ̀ láti wo àwọn òṣèré bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni Willa Cather wà, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti Virginia kó wá sí Nebraska ní 1883, tí ó sì di òǹkọ̀wé olókìkí lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìjì yìnyín pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè náà ní oṣù kìn-ín-ní 1888, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ṣe eré ìtàn “Arẹwà àti Ẹranko” (Beauty and the Beast) nínú gbọ̀ngàn náà láti wá owó fún àwọn tí àjálù bá, Willa, ọmọ ọdún 14, sì wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó fi irùnmú àtọwọ́dá sí ètè, ó ṣe oníṣòwò tí ó jẹ́ bàbá arẹwà náà. Ibẹ̀ kan náà ni ó ti sọ̀rọ̀ ní 1890, nígbà tí òun àti ọmọkùnrin méjì péré parí ilé ẹ̀kọ́ girama; ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gbe àwọn tí ń ṣèwádìí ìmọ̀ lẹ́yìn, ó ta ko àwọn tí ó fi ìgbàgbọ́ asán sé ojú ara wọn. Ní tèmi, ìgboyà ọmọ ọdún 16 níwájú àwọn àgbà ìlú ju gbogbo eré tí ọkọ̀ ojú irin gbé wá lọ.

Nígbà tí sinimá dé, pèpéle òkè kò rí ẹni gùn mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ ayé àtijọ́ kọ sára ògiri ẹ̀yìn pèpéle kò parẹ́. Àjọ tí ń jẹ́ orúkọ Cather tún ilé náà ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2003. Ìwé ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀, eré àti ìpàdé sì tún padà sókè.